Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá Kọ́ Pálọ̀ Sórí Páìpù Gáàsì

Ṣé ẹ ti rí ẹni tí kì í gbọ́ orúkọ èèyàn ńlá kó má sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni? Bí ẹ ò bá rí i rí, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa hàn yín. Bí wọ́n bá ní ọ̀gá báńkì tuntun dé, ọ̀gbẹ́ni yìí á ti já ọ̀rọ̀ gbà: "Ta? Ọ̀rẹ́ mi ni!" Bí wọ́n bá ní wọ́n gbé ọ̀gá ọlọ́pàá kan lọ, wọ́n gbé òmíràn dé, á ní èyí tó lọ àti èyí tó dé, òun lòun fi wọ́n mọ ara wọn. Lọ́jọ́ kan, rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé ìdí tí ọkùnrin yìí fi fò sókè: "Ọ̀rẹ́ mi! Àárọ̀ yìí ló pè mí!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Wọ́n ní ó ti kú láti ọjọ́ Àìkú."

Kò wojú ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Abájọ tí ohùn rẹ̀ fi ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn."

Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá. Kọ́tìnnì ló ń tà. Á ta aṣọ fèrèsé fún yín, á sì wá bá yín gbé irin rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Èmi ni télọ̀ tó ń bá a rán àwọn aṣọ náà. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìṣojú mi ló ti ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò bá ṣojú mi níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, obìnrin náà kì í sì í bu iyọ̀ sọ́rọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi páìpù gbé gáàsì láti ìlú dé ìlú ló wá la ilẹ̀ kọjá lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ, wọ́n sin páìpù tí èmi àti ìwọ lè dì mọ́ra kí ọwọ́ wa má kàn, wọ́n bò ó, wọ́n sì ri àwọn òpó kúkúrú aláwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀ lọ bẹẹrẹ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pe gbogbo àdúgbò sí gbọ̀ngán iléèwé. Ẹnjinníà kan ló bá wa sọ̀rọ̀, obìnrin tí kò ga, tó dé akoto bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dáàbò bò.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, gáàsì tó wà nínú páìpù yìí kì í ṣe irú èyí tó ń rọra yọ lórí sítóòfù yín o. Agbára ló fi ń sáré. Bó bá rí ibi jáde, tí iná kàn án, ẹni tó wà nítòsí ò ní ráyè pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Láàárín àwọn òpó wọ̀nyí, ẹ má kọ́lé, ẹ má gbẹ́lẹ̀, ẹ má sun pàǹtí, ẹ má gbin igi. Ẹ má wò ó bíi pé ilẹ̀ tó ṣófo ni. Òun la fi jìnnà síra wa."

Màmá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ilé rẹ̀ sì kángun sí ti Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá, ó nawọ́. Ó ní, "Bí èèyàn bá wá wọ inú rẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Díẹ̀ báyìí?"

Ẹnjinníà ní, "Màmá, onítọ̀hún á jóná díẹ̀ báyìí."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá jókòó níwájú pátápátá, ó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ bíi pé òun ló kọ ọ́ fún un. Bí a ṣe ń padà sílé, ó fọwọ́ lé mi léjìká.

"Ọmọ dáadáa ni ọmọbìnrin yẹn," ló wí. "Ọ̀gá rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi."

Kò pẹ́ tí mo fi rí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ògiri ilé adìyẹ ni. Ògiri náà ga sí i, ó sì gùn sí i, títí ó fi kọjá òpó ìyeyè, kò sì dúró. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá ń kọ́ pálọ̀ àlejò! Ó ní pálọ̀ tí òun ní kéré fún irú àwọn èèyàn tó ń wá kí òun. Ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà tí mo ti ń jókòó níwájú ilé yẹn, ẹni tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá kí i ni ẹni tó ń ka mítà iná.

Màmá Nọ́ọ̀sì gba orí ògiri pè é. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní iléèwé ni?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wà fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ẹnì kankan. Wọ́n ti bá mi sún tèmi sẹ́yìn."

"Wọ́n sún kí ni sẹ́yìn? Páìpù?"

"Òfin náà, Màmá. Òfin náà!"

Ẹ̀ṣọ́ kan wà tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́bàá àwọn òpó náà lójoojúmọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wò ó bóyá ẹnì kan ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ó rí bírìkìlà, ó rí yanrìn, ó rí ògiri, ó sọ̀ kalẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ ń kọ́ síbí?"

Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀? Ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ ni mí. Ṣé kí n pè é kí ẹ jọ sọ ọ́?" Ó ti yọ fóònù, ó ti gbé e létí. "Ẹ ń lẹ́ o, Ọ̀gá mi! Ọmọ yín kan ló wà lọ́dọ̀ mi níbí tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jù..."

Ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bẹ̀bẹ̀. "Ẹ má dárúkọ mi, sà! Ẹ jọ̀ọ́, sà!" Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó gbé ọwọ́ síwájú orí bíi sójà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń kọjá, á kí ògiri yẹn bí ẹni ń kí olórí ogun. Kò mọ̀ pé bátìrì fóònù náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi látàárọ̀, mò ń bá a fi iná sí i.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò kí ògiri. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, ó sì ti mọ́ ọn lára láti sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ó ní, "Dádì àwọn ọmọ, mi ò ní sùn níbẹ̀, mi ò ní jókòó níbẹ̀. Bí mo bá ní àlejò, ẹnu ọ̀nà iwájú la ó ti kí ara wa."

Pálọ̀ parí. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́, kọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ dára, torí èmi ni mo rán an. Àga ńlá kan wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, àga tó tóbi débi pé bí èèyàn bá jókòó sí i, wọ́n ní láti fà á yọ. Ìṣòro kan ló wà. Òpó ìyeyè kan bọ́ sínú yàrá, lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá ò fà á tu. Ó ní kí n rán aṣọ bò ó, aṣọ aláwọ̀ ewé tó ní ìṣẹ́tí nídìí, ó sì gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí. Àwọn àlejò ń yìn ín pé tábìlì náà rẹwà.

Ọjọ́ tí àbúrò ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ tírélà, wá kí wọn ni ọ̀ràn gan-an bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà máa ń gbé epo bẹntiróò, ó sì ń bẹ̀rù iná. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí àwọn òpó ìyókù lóde, ó sún sí etí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bẹ̀rù gáàsì yìí?"

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó láti fi dáhùn? Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá ò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Bẹ̀rù kẹ̀? Òun gan-an la fi ń dáná!"

Ó kó wọn lọ sí ilé ìdáná. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, mo ti gbé téèpù kọ́rùn. Ó fi hàn wá bí rọ́bà ṣe kúrò lẹ́yìn sítóòfù, tó sì wọ inú ògiri lọ. "Ó gba ibí, ó wọlẹ̀, ó di inú páìpù. Ọ̀gá wọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló ní kí wọ́n so ó fún mi. Mi kì í ra gáàsì mọ́. Sílíńdà? Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ẹnu ya àbúrò ìyàwó. Èmi náà, mi ò parọ́, ẹnu yà mí. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń ka èèrà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé òpin àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì, ìyá oníbúrẹ́dì, tí ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì rẹ̀ ń jẹ gáàsì bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé, ó ti wà nínú pálọ̀ náà, lórí àga ńlá yẹn, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná mọ́ itan.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fa tèmi náà."

"Ọ̀rọ̀ rẹ ti wà lórí tábìlì wọn," ni Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá wí, ó sì gba búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ ò kúrò lórí tábìlì, búrẹ́dì ò sì yéé wá. Láràárọ̀ ni. Wọ́n jẹ búrẹ́dì nínú ilé yẹn títí àwọn ọmọ fi ń sunkún bí wọ́n bá ti gbóòórùn rẹ̀. Mo jẹ níbẹ̀. Adìyẹ Màmá Nọ́ọ̀sì jẹ níbẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, mo rí ohun kan tí kò yé mi. Ní ìdájí ọjọ́ kan, kí èèyàn tó máa rìn, Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá ń gbé ẹrù kan lọ sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀. Aṣọ kọ́tìnnì ló fi wé e. Ó gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Kí nìyẹn?"

Ó ta gìrì. "Irin kọ́tìnnì ni."

"Irin kọ́tìnnì wo ló rí roboto báyìí?"

"Ti fèrèsé roboto ni," ló wí, ó pa bọ́ọ̀tù dé, ó wa ọkọ̀ lọ.

Ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Ẹ gbọ́n jù mí lọ.

Ẹnu àdúgbò kì í mọ sí àdúgbò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ méjì dúró níwájú ilé rẹ̀. Ẹnjinníà obìnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ tòun ti akoto rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ oníkẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn wọn, kò kí ògiri lọ́jọ́ náà. Kí n tó yọ abẹ́rẹ́ lára aṣọ, èèyàn ti kún ojú ọ̀nà fọ́fọ́.

Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá jáde. Ó rí èrò, inú rẹ̀ dùn, ó gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé ó ń rò pé wọ́n wá fún òun ní ẹ̀bùn ni.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀! Ẹ wọlé! Ọ̀gá yín ńkọ́?"

Ẹnjinníà ní, "Ẹ ṣé, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń lo gáàsì láti ara páìpù wa?"

"Èmi náà ni!" Ó yíjú sí èrò kí gbogbo wa lè gbọ́. "Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, kò dákú lẹ́ẹ̀kan."

"Ta ló so ó fún yín?"

"Ọ̀gá yín fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ dàgbà ni."

Obìnrin náà ṣí akoto rẹ̀. Ó ní, "Sà, èmi ni ọ̀gá wọn."

Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá wò ó, ó wo ọlọ́pàá, ó tún wò ó. Ó ní, "Ọ̀gá tó wà ṣáájú yín ni mo wí."

"Bàbá mi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jẹun ọ̀sán kí n tó wá síbí. Kò ní ọ̀rẹ́ kankan tó ń ta kọ́tìnnì."

Hà! Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tó sọ! Ṣùgbọ́n ariwo náà ò pẹ́ tó fi yí padà, torí ọlọ́pàá tó ga nínú wọn ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lu páìpù bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, torí gbogbo àdúgbò ló fẹ́ sun. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ wá gbọ́ ohun tó wí. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kápẹ́ńtà kan pariwo pé, "O fẹ́ sun wá bí ẹran!" Ìyá oníbúrẹ́dì náà pariwo, ó ti gbàgbé pé òun fẹ́ fa tòun.

Jìnnìjìnnì bo Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá. Ó tẹ̀ sétí ẹnjinníà, ó sọ nǹkan kan.

Obìnrin náà ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè, sà. Ọlọ́pàá ò gbọ́."

"Mo ní... mi ò so ó."

"Ẹ ò so kí ni?"

"Gáàsì náà. Sílíńdà ni mò ń lò. Irọ́ ni mo pa!"

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wí tí wọ́n bá ti rí irin yìí."

Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyáa wọn, bá mi sọ fún wọn!"

Obìnrin náà ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó ní, "Sọ kí ni? Ṣé ọ̀rẹ́ yín kọ́ ló so ó ni? Mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì."

Ó kù díẹ̀ kí Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá sunkún. Ó kó wa gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, gbogbo àdúgbò wọ́ tẹ̀ lé e. Àpótí kan wà lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, ó kó igi ìdáná lé e lórí kí ẹnì kankan má bàa fura. Ó tú igi náà dànù, ó ṣí àpótí. Sílíńdà ló wà nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ kọ́tìnnì olódòdó, rọ́bà sì ti ẹnu rẹ̀ wọ inú ògiri. Mo mọ aṣọ náà. Èmi ni mo rán an. Nígbà tí mò ń rán an, ó ní ìrọ̀rí ìyá òun ni.

"Ẹ rí i!" ni Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá kígbe. "Ẹ rí i, irọ́ ni!"

Ẹnjinníà ní, "Ó dáa. Ẹ tan sítóòfù. Bí iná bá ti inú èyí wá, ẹ bọ́."

Ó sáré wọlé, ó ṣáná. Kò tàn. Ó tún ṣá a. Kò tàn. Sílíńdà náà ti gbẹ láti ìjẹta. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá ń dúró de ìgbà tí ojú ọ̀nà máa dá kó tó lè gbé ọmọ tuntun rẹ̀ jáde lọ rọ gáàsì. Ọlọ́pàá mi sílíńdà, ó fúyẹ́. Ó ní, "Òfìfo lẹ gbé síbí láti fi bò wá lójú. Ẹ ti tú ojúlówó rẹ̀ kúrò lára páìpù nígbà tí ẹ gbọ́ pé à ń bọ̀." Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún.

Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Nọ́ọ̀sì, inú yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní sílíńdà yín."

Màmá ò yára. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Èmi tí mi ò mọ ẹnì kankan? Ṣé gáàsì ẹni tí kò mọ ẹnì kankan á gbà láti tàn nílé yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá!"

Wọ́n gbé sílíńdà Màmá wá, wọ́n fi rọ́bà sí i. Gbogbo wa há mọ́ ilé ìdáná, àwọn kan gun fèrèsé. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá mú ìṣáná. Ó ṣáná. Páà! Iná sọ, ó tò yíká, ó ń tàn bí ojú ọ̀run.

Ẹ gbọ́, mo ti rí ẹni tó yọ̀ nígbà tí wọ́n dá a láre. Mi ò rí ẹni tó yọ̀ tó báyìí nígbà tí wọ́n mú un nírọ́. Ó fò sókè, ó dì mọ́ ọlọ́pàá. "Irọ́ ni! Ẹ wò ó! Ojúlówó irọ́! Kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀! Mi ò mọ ẹnì kankan nílé iṣẹ́ wọn! Ẹ bi ẹnikẹ́ni!"

"Búrẹ́dì mi ńkọ́?" ni ìyá oníbúrẹ́dì wí lẹ́yìn. A yíjú sí iná. Àwọn tó jẹ níbẹ̀ pọ̀.

A rò pé ó ti parí. Ẹnjinníà náà ti wọ inú pálọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání tó máa ń ké bó bá gbọ́ irin lábẹ́ ilẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Kí nìyí, sà?"

"Òdòdó ni," ni Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó gbé ìkòkò kúrò, ó ká aṣọ náà sókè. Òpó ìyeyè jáde síta tòun ti àkọlé rẹ̀: Ẹ MÁ KỌ́LÉ SÍBÍ. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ń rìn lọ síwájú, ẹ̀rọ ń ké díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe dé ìdí àga ńlá yẹn, igbe rẹ̀ ò dákẹ́ mọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì, tó ti ń jókòó síbẹ̀ láràárọ̀, fọwọ́ méjèèjì gbá ìdí mú bí ẹni pé ó ti ń gbóná.

Ẹnjinníà ní kí wọ́n gbé àga náà kúrò, kí wọ́n sì pe bírìkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ wá. Inú èrò náà ló wà. Ó bi í bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ jìn tó. Ọkùnrin náà fọwọ́ júwe rẹ̀ lára ògiri, ó ní dígà òun tiẹ̀ kan nǹkan kan níbẹ̀ tó dún gbàn-ín, òun sì rò pé òkúta ni, òun bá yà fún un.

Obìnrin náà pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ pé ó yà fún un."

Ibẹ̀ ni ìyàwó Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ń ṣeré níbí." Ọkọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi máa rí i bẹ́ẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló sọ èyí tó wà lọ́kàn gbogbo wa. Ó ní, "Ẹnjinníà, ẹ̀yin náà, ẹ dúró. Ògiri yìí ò sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run. Nígbà tó ń ga, àwọn ẹ̀ṣọ́ yín ń wo kí ni?"

Obìnrin náà yíjú sí oníkẹ̀kẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tún pa ẹsẹ̀ pọ̀. "Wọ́n ní ọ̀rẹ́ yín ni àwọn, mà."

"O ò bi mí."

"Mà, ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n ní àwọn jẹ́. Ta ni mí tí màá fi bi yín?"

Ẹnjinníà yíjú sí wa. Ó dé akoto rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má bínú, ẹ̀bi àwọn náà wà níbẹ̀.

Wọ́n tú Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó ga ní kò sí òfin tó ní kí àwọn ti òpùrọ́ mọ́lé, bó bá sì wà, àwọn ò mọ ibi tí àwọn ti máa rí yàrá tó máa gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n pálọ̀ náà gbọ́dọ̀ wó. Wọn ò sì gbà kí katakata dé orí páìpù, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi wó o, búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn òmíràn. Ìtìjú tó yẹ kó parí láàárín ọ̀sán kan, ó di iṣẹ́ tí wọ́n ń jí lọ ṣe láràárọ̀. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń ru búlọ́ọ̀kù. Àga ńlá náà ò gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Ìta ló wà, adìyẹ Màmá ń yé sí i.

Nígbà tí wọ́n ń wó o lọ́wọ́, ayàwòrán ilé iṣẹ́ náà wá. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá gbọn eruku ara rẹ̀, ó dúró níwájú àwókù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí wọ́n ya òun láti apá òsì, ibẹ̀ lòun ti dára jù.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, mò ń wọn ṣòkòtò fún un.

"Ẹ dìde! Ẹ wá wo nǹkan! Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì ń sáré, mo rí ara mi! Wọ́n gbé mi sójú pátákó ńlá ní oríta! Ilé iṣẹ́ gáàsì! Èmi, gàgàrà báyìí!"

A bá a lọ. Lóòótọ́ ni. Ojú rẹ̀ tóbi ju fèrèsé ilé lọ, eyín rẹ̀ ń tàn, àwókù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró sábẹ́ pátákó náà, ó ń dá àwọn tó ń kọjá dúró. "Ẹ wò mí! Ẹ wòkè! Ṣé kò jọ?" Èèyàn ti ń pọ̀. Ó ní, "Wọ́n kọ nǹkan sísàlẹ̀, mi ò rí i kà látinú bọ́ọ̀sì. Àbúrò, bá wọn kà á sókè. Kà á kí gbogbo wọn gbọ́!"

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè. Ó wúkọ́. Ó wò mí, mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Ó dá ọ lójú, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kà á!"

Ọkùnrin náà kà á, ohùn awakọ̀ tírélà sì ni: "BÍ O BÁ RÍ ẸNI TÓ Ń ṢE BÍI ỌKÙNRIN YÌÍ NÍTÒSÍ PÁÌPÙ WA, JỌ̀WỌ́ PÈ WÁ KÍÁKÍÁ."

Obìnrin kan nínú èrò ti ń yọ fóònù.

Bọ́ọ̀sì kan dúró létí ọ̀nà. Ọ̀rẹ́-Ọ̀gá fò wọ inú rẹ̀, ó fa fìlà bojú, kò tiẹ̀ béèrè ibi tó ń lọ.